Ikọ̀ Agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti Àwọn Ìlú Ojú Ọ̀nà: Ìtàn Ìdíje Káríayé Láti 1949 Bí Ó Ṣe Kan Ìfọ̀, Mowé àti Ìbafò

Àṣamọ̀

Bí ẹni ń ka ife ẹ̀yẹ sílẹ̀ ni a sábà máa ń sọ ìtàn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà: 1980, 1994, 2013. Iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà mìíràn. Ó dúró sí Ìfọ̀ lójú irin, àti sí Mowé àti Ìbafò lójú òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó sì wo bí ikọ̀ náà ṣe súnmọ́ àwọn ará ọ̀nà yìí, bí ó ṣe jìnnà sí wọn, àti ohun tí wọ́n fi dí àlàfo náà. Èrò wa ni pé ife nìkan kọ́ ni ó ń sọ ikọ̀ kan di ti orílẹ̀-èdè. Èdè tí àwọn ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti gbèsè tí ìlú jẹ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún un, wà lára ìtàn náà.

Ìfáárà

Ìlú ńlá ni àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà: Èkó, Tunis, Atlanta, Johannesburg. A kì í gbọ́ orúkọ Ìfọ̀, Mowé tàbí Ìbafò níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ju pé àwọn ìlú wọ̀nyí kò ní pápá ìṣeré tí ó lè gba ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, àárín Èkó àti Abẹ́òkúta ni Ìfọ̀ wà. Mowé àti Ìbafò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, wà ní àárín Èkó àti Ìbàdàn. Èkó ni ikọ̀ náà fi ṣe ilé fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ìbàdàn ni ilé ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí ó fún ikọ̀ náà ní púpọ̀ nínú àwọn ọ̀ta rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta sì ni àwọn méjì tí ó gbá gbogbo ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé ní àṣekágbá ọdún 1980.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ikọ̀ kan ṣe ń di "tiwa" lọ́wọ́ àwọn tí kò gbé ẹ̀gbẹ́ pápá, ojú ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí ó dúró sí. A ó pín ìtàn náà sí ìgbà mẹ́ta: ìgbà ojú irin, ìgbà Sùúrùlérè, àti ìgbà tí ikọ̀ náà kúrò ní Èkó.

Ojú irin àti ẹsẹ̀ lásán

Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìfọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdókọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka tí ó gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò ti yà. Ẹrù oko ni ìjọba fẹ́ fi ojú irin kó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù oko nìkan ni ó gbé. Ó gbé akọ̀wé, ìwé ìròyìn àti bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì wà lára àwọn tí ó gba Ife Gómìnà lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Ọdún 1945 yìí kan náà ni a sábà máa ń pè ní ọdún ìdásílẹ̀ àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tì í sẹ́yìn dé 1933.

Àwọn tí ń jà fún òmìnira náà rí ohun tí bọ́ọ̀lù lè ṣe. Nnamdi Azikiwe dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1938. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri orílẹ̀-èdè. Níbi tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù ni òun ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ìjọba ara-ẹni. Èyí fi hàn pé kí ikọ̀ orílẹ̀-èdè tó wà ni bọ́ọ̀lù ti ń kó àwọn ènìyàn tí èdè wọn yàtọ̀ jọ lábẹ́ orúkọ kan.

Ọdún 1949 ni ikọ̀ náà kọ́kọ́ jáde. Agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tesilimi Balógun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "Thunder" nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, wà láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Titus Okere. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn sì di aṣọ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ní ayò 5 sí 2 nínú ìdíje àkọ́kọ́. Ní South Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń ṣí iná pápá tuntun, wọ́n gbá ọ̀mì, ayò 2 sí 2. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n gbá ọ̀mì nínú méjì, a sì borí wọn nínú márùn-ún.

Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ lásán yìí ṣe ìran wíwò. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n wò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, àwọn ará Íńdíà tí ó gbá ẹsẹ̀ lásán ní ìdíje Olimpíìkì ní London rí ojú kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn Èkó tàbí lórí ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán kì í ṣe àmì òǹgọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ eré náà nìyẹn, bàtà ni ó ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n dúró ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n sì borí ikọ̀ ibẹ̀ ní ayò 2 sí 0. Ìyẹn ni a kà sí ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Okere àti Balógun padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà láti gbá bọ́ọ̀lù jẹun.

Láti aṣọ pupa sí aṣọ ewé

Aṣọ pupa ni ikọ̀ náà ń wọ̀ lábẹ́ amúnisìn, Red Devils ni wọ́n sì ń pè é. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960 ó di Green Eagles. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ìyà kò tètè tán. Gánà ni ó kọ́kọ́ ti Nàìjíríà ṣubú nínú ìdíje láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 1960. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ bọ́ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1963, Íjíbítì gbá ayò 6 sí 3 fún un, Sùdáànì sì gbá 4 sí 0. Ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà nílé, ikọ̀ náà dé ìdíje Olimpíìkì ní Mẹ́síkò, ó sì bá Bràsíl gbá ọ̀mì, ayò 3 sí 3.

Ọdún 1972 ni a ṣí pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè, nítorí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà tí Èkó gbàlejò rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nàìjíríà gba wúrà bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó na Gìní ní ayò 2 sí 0. Láti ìgbà náà, Sùúrùlérè di ilé. Ní 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ láti inú ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Shooting Stars ti Ìbàdàn di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ipò kẹta ní 1976 àti 1978. Láàrin méjèèjì ni ọgbẹ́ 12 oṣù Kọkànlá 1977 wà: ní Sùúrùlérè, níwájú èrò tí ó kún pápá, Godwin Odiye fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara wọn, Tùnísíà borí ní ayò 1 sí 0, ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì dí. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a fẹ́ sọ, nítorí orúkọ Odiye kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn mọ́. Ìlú tí kò rántí ẹni tí ó gbá ọ̀pọ̀ ayò wọlé fún un rántí ẹni tí ó ṣì í gbá lẹ́ẹ̀kan.

Sùúrùlérè, 1980

Ní 1978 ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú oṣù Kẹta 1980, Nàìjíríà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlú méjì péré ni a ti gbá a: Èkó, ní Sùúrùlérè, àti Ìbàdàn, ní pápá Liberty. Ìtumọ̀ èyí ni pé orí òpópónà náà ni ìdíje náà wà, ìkángun kan ní Èkó, ìkángun kejì ní Ìbàdàn, Mowé àti Ìbafò sì wà láàrin. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìbafò lówùúrọ̀ lè wòran ní Sùúrùlérè kí ó sì sùn sílé. Ará Ìfọ̀ lè gba ojú irin tàbí ọ̀nà Àgége. Kò tún sí ìgbà mìíràn tí ìdíje àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà súnmọ́ àwọn ará ọ̀nà yìí tó bẹ́ẹ̀.

Otto Gloria ará Bràsíl, ẹni tí ó mú Pọtogí ṣe ipò kẹta ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1966, ni olùkọ́ni. Christian Chukwu ni balógun. Nàìjíríà borí Tànsáníà ní 3 sí 1, ó bá Ivory Coast gbá ọ̀mì láìsí ayò, ó borí Íjíbítì ní 1 sí 0. Felix Owólabí ni ó gbá ayò kan ṣoṣo tí a fi borí Mòrókò ní ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, Algeria dúró níwájú. Ìṣẹ́jú kejì ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá ti àkọ́kọ́ wọlé. Ó tún gbá òmíràn kí wọ́n tó lọ sinmi. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta ṣe é láṣepé lẹ́yìn ìsinmi. Ààrẹ Shehu Shagari wà níbẹ̀.

Ìgbésí ayé àwọn méjì yìí yàtọ̀ síra. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, Shooting Stars sì ni ilé wọn. Ọdẹ́gbàmí dàgbà ní Jos, ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìbàdàn. Lawal ń tún ọkọ̀ ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún léraléra, láti 1976 dé 1984. Ó kú ní 1991, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọdẹ́gbàmí padà wá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn láti dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasinmi, ìlú kan lójú irin kan náà tí ó gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta.

Rédíò, èdè àti ọ̀rọ̀ "a"

Àwọn tí kò lè lọ sí Sùúrùlérè ní rédíò. Ohùn tí wọ́n gbọ́ jù ni ti Ernest Okonkwo, ẹni tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ròyìn eré. Òun ni ó sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical" àti Chukwu ní "Chairman". Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá mọ àwọn orúkọ yìí, nítorí ohun tí Okonkwo ń ṣe kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìnagijẹ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí oríkì: ó mú ìwà ẹnìkan, ó sọ ọ́ di orúkọ, ó sì ń fi í pe ẹni náà nígbà tí iṣẹ́ bá kàn án.

Yorùbá kò dúró de rédíò kí ó tó ṣe tirẹ̀. A pe ohun tí ó wọlé ní "ayò", láti inú ayò ọlọ́pọ́n, níbi tí a ti mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀pẹ. A pe ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ilé ní "aṣọ́lé", bí ẹni pé ilé gidi ni, tí olè fẹ́ wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ ni ó kéré jù: "a". Bí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba, "wọ́n" ni ó máa ń lò: wọ́n fi owó epo kún un, wọn kò tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n bí ikọ̀ náà bá borí, "a" ni: a na Gánà, a gba ife. Bí ikọ̀ náà bá pàdánù, "wọ́n" padà dé, ó sì mú ẹlòmíràn wá: wọ́n dójú tì wá. Nínú gbólóhùn ìkẹyìn yìí, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti bọ́ sí ìhà ibi tí ìjọba wà, àwa sì ni ìtìjú náà kàn. Bí ẹni bá fẹ́ wádìí bí Nàìjíríà ṣe jẹ́ orílẹ̀-èdè lọ́kàn àwọn ọmọ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe ń yí padà láàrin wákàtí kan àti ààbọ̀ yóò kọ́ ọ ní ohun tí ìwé òfin kò kọ.

Láti 1988 dé 1996

Ikọ̀ náà di Super Eagles ní 1988, lẹ́yìn tí Kamẹrúùnù borí rẹ̀ ní àṣekágbá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú ní Sùúrùlérè nígbà tí wọ́n ń bá Àngólà gbá bọ́ọ̀lù, tí ó sì kú. Clemens Westerhof, tí ó dé ní ọdún náà, ni ó tún ikọ̀ náà kọ́. Ní oṣù Kẹrin 1994, ní Tunis, Emmanuel Amuneke gbá ayò méjì tí wọ́n fi borí Zambia, 2 sí 1, ife kejì sì dé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Dallas, Ràṣídì Yẹkínì gbá ayò àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọ ilé Bùlgáríà. Ó di àwọ̀n mú, ó sì ń ké. Kàdúná ni a ti bí i, Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú ẹbí rẹ̀. Ayò 37 ni ó gbá fún Nàìjíríà. Ítálì ni ó dá ikọ̀ náà padà, 2 sí 1, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí Nàìjíríà borí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìdíje Olimpíìkì ti 1996, Nàìjíríà borí Bràsíl ní 4 sí 3 àti Ajẹntínà ní 3 sí 2, ó sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà bọ́ọ̀lù.

Ìgbà tí ikọ̀ kúrò, tí àwọn ìlú kún

Ní oṣù Kejì 2000, Kamẹrúùnù tún borí Nàìjíríà ní àṣekágbá ní Sùúrùlérè, nípasẹ̀ pẹnáritì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà a ṣí pápá ìṣeré ńlá ti Àbújá, ikọ̀ náà sì kó lọ. Nígbà tí ó yá, Calabar àti Uyo gbà á. Sùúrùlérè di ahoro. Ìgbà yìí gan-an ni Mowé àti Ìbafò ń kún. Owó ilé ní Èkó lé àwọn ènìyàn kúrò, wọ́n ra ilẹ̀ lójú márosẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n sì ń lọ sí Èkó ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí ojú ọ̀nà yìí ní èrò jù ni ikọ̀ orílẹ̀-èdè jìnnà sí i jù.

Ilé ìwòran ni ó gba ipò pápá: àga onípákó, tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì, ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn ilé, owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú owó wọlé fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Nàìjíríà kò ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Síbẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ tí kò rí Sùúrùlérè rí ti kọ́ láti sọ "a". Níbẹ̀ ni ó ti rí ayò Sunday Mba tí ó borí Burkina Faso ní 2013. Níbẹ̀ náà ni ó ti rí i bí Gánà ṣe dí ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Àbújá ní oṣù Kẹta 2022, àti bí Kóńgò Kinshasa ṣe tún dí i nípasẹ̀ pẹnáritì ní oṣù Kọkànlá 2025.

Ikọ̀ náà yà sí Èkó díẹ̀ ní 2021, ní pápá tí a fi orúkọ Tesilimi Balógun pè. Ó na Lesotho níbẹ̀ ní 3 sí 0, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá, Central African Republic borí rẹ̀ níbẹ̀ ní 1 sí 0.

Gbèsè

Odò tí ó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní 1994 ni ìjọba ṣèlérí ilé fún àwọn tí ó gba ife ní Tunis. Oṣù Kọkànlá 2022 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fún àwọn tí kò tíì rí tiwọn gbà. Yẹkínì ti kú láti oṣù Karùn-ún 2012, lẹ́yìn ìgbà tí ó ti ń dá gbé ní Ìbàdàn. Stephen Keshi, balógun 1994 àti olùkọ́ni 2013, ti kú ní 2016.

Àwọn obìnrin ni ó jìyà gbèsè yìí jù, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó ṣe é jù. Super Falcons kò tíì pàdánù Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn obìnrin kan láti 1991. Ní oṣù Keje 2025 ní Rabat, Mòrókò fi ayò méjì ṣáájú wọn. Wọ́n dá a padà, wọ́n borí ní 3 sí 2, ife ilẹ̀ Áfíríkà sì di mẹ́wàá. Síbẹ̀ ní 2004 wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní South Africa lẹ́yìn tí wọ́n gba ife, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò láìgba owó àwọn. Ní 2016 wọ́n gbé ife dání ní Àbújá, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí a bá sọ pé "a gba ife", ó yẹ kí "a" náà wà níbẹ̀ nígbà tí owó bá kù.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù Kẹwàá 2025, ikọ̀ orílẹ̀-èdè padà dé ẹkùn yìí. Super Falcons gba àlejò Benin, orílẹ̀-èdè tí Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà, ní pápá M.K.O. Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbá ọ̀mì, 1 sí 1, èyí sì tó wọn láti lọ síwájú. Ará Ìfọ̀ lè wọ ọkọ̀ lọ wò ó kí ó sì padà sílé lálẹ́, bí ti 1980. Àwọn obìnrin ni ó mú ikọ̀ náà padà sójú ọ̀nà, kì í ṣe àwọn ọkùnrin.

Iṣẹ́ ṣì kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìwé ìròyìn ìgbà náà wà fún ìtàn inú pápá, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn òǹwòran wà lẹ́nu wọn nìkan. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1980 ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Ó yẹ kí a tọ̀ wọ́n lọ ní Ìfọ̀, ní Mowé, ní Ìbafò, kí a béèrè ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, iye tí wọ́n san, rédíò ta ni wọ́n jọ gbọ́, àti orúkọ tí wọ́n ń pe Lawal àti Yẹkínì láàrin ara wọn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, nítorí nínú èdè náà ni a ó ti rí ìgbà tí wọ́n sọ "a" àti ìgbà tí wọ́n sọ "wọ́n".